Kì í Ṣe Nẹ́tíwọ̀kì

Ní Ìdímù, ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di gbogbo-n-ṣe. Owó kúrò nínú àkáǹtì ẹ, kò dé ọ̀dọ̀ oní-POS: nẹ́tíwọ̀kì ni. Pọ́tálì ilé ìwé kò fi èsì ìdánwò hàn: nẹ́tíwọ̀kì ni. O ra iná, o tẹ nọ́ńbà náà sínú mítà, mítà ní òun ò gbà: ẹ má bínú, nẹ́tíwọ̀kì ni. Láti Ìsherí títí dé Ìkọ́tùn, bóyá la fi rí ẹnì kan tí wọn ò tíì fi ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀tù sí nínú rí.

Ti mítà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí pé ibẹ̀ ni irọ́ náà ti hàn jù. Ọ̀pọ̀ mítà tókìn tó wà lára ògiri ilé wa ò so mọ́ nẹ́tíwọ̀kì kankan. Kò ní síìmù, kò bá sáfà kankan sọ̀rọ̀. Ìdí tá a fi ń fi ọwọ́ ara wa tẹ nọ́ńbà sí i nìyẹn: àwa gan-an ni nẹ́tíwọ̀kì ẹ̀. Gbogbo ohun tí mítà fẹ́ gbọ́ wà nínú dígíìtì ogún yẹn, iye iná tó o rà àti àkókò tó o rà á, wọ́n sì ti fi kọ́kọ́rọ́ kan tì í, kọ́kọ́rọ́ tí mítà tìẹ mọ̀. Bí tókìn bá ti lè jáde sórí fóònù ẹ, iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ti parí. Bí o ò bá ṣi nọ́ńbà tẹ̀, tí kì í sì í ṣe mítà ẹlòmíì lo rà á fún, tí mítà ṣì kọ̀ ọ́, inú sọ́fítíwíà ni ká ti lọ wá ẹjọ́ náà.

Ẹni tó bá wá sọ fún ẹ pé nẹ́tíwọ̀kì ni, yálà kò mọ̀, tàbí ó mọ̀ ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ìwọ náà mọ̀. Aláìmọ̀ kò bí mi nínú. Èkejì yẹn ni mo ń bá wí.

Ẹ rántí oṣù kọkànlá ọdún 2024. NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, àti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, títí kan Ikeja Electric tó ń pín tiwa ní Ìdímù, ń pariwo pé kí gbogbo ẹni tó ń lo mítà tókìn ṣe "upgrade" kí ọjọ́ 24 oṣù náà tó kọjá. Bí o bá ra iná, dípò tókìn kan, mẹ́ta ni wọ́n máa fún ẹ. Méjì àkọ́kọ́ ò gbé iná kankan wá. O gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọ́n tẹ̀ léra kó o tó tẹ ẹ̀kẹta tó jẹ́ iná gan-an. Ọgọ́ta dígíìtì, nínú òkùnkùn, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù. Bí ìyá àgbà kan nínú ilé ò bá ní ọmọ tó lè bá a tẹ̀ ẹ́, ó di káràkátà pẹ̀lú ọmọ aládùúgbò.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà ò le rárá. Nínú tókìn kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní TID. Iye ìṣẹ́jú tó ti kọjá láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1993 ni nọ́ńbà náà ń kà. Ìwúlò ẹ̀ ni pé kò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lo rísíìtì kan lẹ́ẹ̀mejì: mítà máa ń rántí TID àwọn tókìn tó ti gbà, bí o bá gbé èyí tó ti gbà rí padà wá, tàbí èyí tó ti pẹ́ jù, ó máa kọ̀ ọ́. Ọgbọ́n gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n àyè tí àwọn tó ṣe ètò náà fi sílẹ̀ fún òǹkà yìí jẹ́ bíìtì 24, ìyẹn ni pé kò lè kà ju 16,777,215 lọ. Ìṣẹ́jú tó bá tẹ̀ lé e, òǹkà padà sí òdo, bí òǹkà máìlì inú dánfó àtijọ́ ṣe máa ń yí padà sí òdo bó bá ti kún.

Ẹ mú kakulétọ̀. Ẹ fi ọgọ́ta pín 16,777,216, kí ẹ sì fi 24 pín èyí tó bá jáde. Ọjọ́ 11,650 àti díẹ̀ ni, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ó dín díẹ̀. Ẹ wá kà á láti ọjọ́ kìíní ọdún 1993. Ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024 lẹ máa bá a. Kò gba wòlíì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wòlíì ò wọ́n wa ní apá Ìkọ́tùn. Ọmọ JSS 3 lè ṣírò ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ti yan bíìtì 24 ni ọjọ́ ìparí ti wà nínú ẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń gbé mítà tó ń ka òǹkà kan náà kọ́ sí ògiri wa lọ́dọọdún, kò sì sẹ́ni tó sọ fún onílé pé ohun tí wọ́n ń gbé kọ́ yìí ní ọjọ́ ikú.

Ó yẹ kí n yin iṣẹ́ níbi tí iṣẹ́ bá wà. Tókìn méjì tí kò gbé iná wá yẹn kì í ṣe ìyà lásán. Bí wọ́n bá kàn jẹ́ kí mítà gbàgbé gbogbo TID tó ti gbà kó sì bẹ̀rẹ̀ látòdo, àwọn rísíìtì àtijọ́ tó wà nínú dúróà wa ì bá tún padà di owó. Ẹni tó bá tọ́jú tókìn ọdún márùn-ún ì bá máa jẹ iná ọ̀fẹ́. Torí náà wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ mítà náà lákọ̀ọ́kọ́, kí tókìn àtijọ́ má lè ṣí i mọ́, wọ́n wá pa ìrántí ẹ̀ rẹ́, wọ́n sì sún ìbẹ̀rẹ̀ òǹkà láti 1993 sí 2014. Iṣẹ́ tó mọ́yán lórí ni. Ẹ ò rí i pé mo ti ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ lédè Yorùbá, kò sì pa yín? Kí ló wá dé tó fi jẹ́ "upgrade" nìkan la gbọ́? Upgrade ni kéèyàn kúrò nínú fóònù tí kámẹ́rà ẹ̀ ò dáa bọ́ sí èyí tó dáa. Èyí tí wọ́n ṣe fún wa jẹ́ àtúnṣe sí àléébù tó wà nínú ọjà tí wọ́n tà fún wa. Ẹni tó bá pe àtúnṣe ní upgrade ti yí gbèsè ara ẹ̀ padà di oore, ó sì ń retí kí o dúpẹ́.

Ẹ sì wo ibi tí gbèsè náà gbà lọ. Àwọn mítà kan wà tí wọ́n ní kò ní í lè gba àtúnṣe náà rárá. Ikeja Electric kéde pé mítà Unistar máa kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá yẹn. Ta ni yóò san owó òmíràn? Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn títí FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, fi jáde sọ pé kò tọ́ kí wọ́n ní kí oníbàárà san owó mítà tí wọ́n fúnra wọn ní kó kúrò nílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ FCCPC. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: bí àwọn èèyàn bá ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àléébù ni, ṣé àríyànjiyàn kankan máa wà? Bí mẹ́káníìkì bá gbàgbé nọ́ọ̀tì kan nínú ẹ́ńjìnnì ẹ, ṣé o máa jókòó bá a dúnàádúrà lórí ẹni tó máa ra nọ́ọ̀tì?

Mo mọ ohun tí wọ́n máa fi dá mi lóhùn. Wọ́n máa ní ọ̀rọ̀ ààbò ni, kì í ṣe ohun tí à ń sọ láàárín ọjà. Wọ́n ní bí wọ́n bá ń ròyìn ibi tí sọ́fítíwíà ti ń jò, olè á gbọ́. Mo ti gbọ́ èyí lẹ́nu àwọn èèyàn tó gbọ́n jù mí lọ, mi ò sì gbà fún wọn.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ohun tí a kì í fi kún un ni pé kò sí ògiri tí kì í lanu. Sọ́fítíwíà tí kò ní ihò, kò tíì sẹ́ni tó kọ ọ́ rí, ì báà jẹ́ Google, ì báà jẹ́ ọmọ àdúgbò wa. Ohun tó kù ni ẹni tó máa kọ́kọ́ rí ihò náà: ṣé bíríkìlà ni àbí aláǹgbá. Bí o bá lé gbogbo bíríkìlà sẹ́yìn, aláǹgbá ò ní í torí ẹ̀ dúró. Àwọn tó ń gé kọ́kọ́rọ́ lẹ́bàá ọ̀nà mọ bí gbogbo àgádágodo ọjà ṣe ń ṣiṣẹ́, kò sì dí wa lọ́wọ́ oorun, torí pé kọ́kọ́rọ́ ni àṣírí, kì í ṣe àgádágodo. Àgádágodo tó jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tó ń dáàbò bò ó ni pé a ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo inú ẹ̀, ẹni tó bá rà á ti sun ìta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2024 kan náà. Irinṣẹ́ kékeré kan wà tó ń jẹ́ xz, iṣẹ́ ẹ̀ ni láti fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ sáfà tó ń lo Linux láyé. Fún ọdún púpọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú ẹ̀: Lasse Collin, ará Finland. Kò gbowó. Ní 2022 ó sọ fún àwọn tó ń yọ ọ́ lẹ́nu pé ọkàn òun ò balẹ̀, ó ti rẹ òun, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹnì kan tó pe ara ẹ̀ ní Jia Tan wá ń bá a ṣiṣẹ́, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, fún ohun tó lé lọ́dún méjì, títí wọ́n fi fún un láṣẹ. Lẹ́yìn náà ló fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1, ó fi í pamọ́ sínú fáìlì tó dà bíi pé ìdánwò lásán ni. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yẹn á lè wọ sáfà oní-sáfà bó ṣe wù ú. Títí di òní, a ò mọ ẹni tí Jia Tan jẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe mú un? Andres Freund, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ PostgreSQL, tó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft, ṣàkíyèsí pé wíwọlé sínú kọ̀ǹpútà òun nípasẹ̀ SSH ń pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìlàjì ìṣẹ́jú-àáyá! Àwa tí a máa ń dúró wákàtí mẹ́ta fún ọkọ̀ ní Ìyànà-Ìpájà ò ní í mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dùn ún. Ó ṣí kóòdù náà, ó tọ ipasẹ̀ ẹ̀, ó sì kéde ohun tó rí fún gbogbo ayé ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024, kí ẹ̀dà náà tó tàn ká.

Àwọn kan ní ìtàn yìí fi hàn pé sọ́fítíwíà gbangba léwu. Wọ́n yí i sódì ni. Freund ò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó ṣí i. Kò kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ kan kí wọ́n wá dá a lóhùn pé nẹ́tíwọ̀kì ni. Bí ohun tó jọ ọ́ bá wà nínú sọ́fítíwíà tó ń ta iná fún wa ní Ìdímù, mi ò sọ pé ó wà o, ta ló máa rí i? Ta ni wọ́n máa jẹ́ kó wò ó?

Síbẹ̀ mi ò ní í pọ́n ọn ju bó ṣe yẹ lọ. Gbangba nìkan ò tó. Nígbà tí wọ́n rí ihò Heartbleed nínú OpenSSL lọ́dún 2014, ohun tó ya ayé lẹ́nu ni pé irinṣẹ́ tí àwọn báńkì àti ilé iṣẹ́ ńláńlá fi ń ti ilẹ̀kùn wọn, ẹnì kan ṣoṣo ló fi ṣe iṣẹ́ òòjọ́, ọrẹ tó ń wọlé fún wọn lọ́dún ò sì ju bíi dọ́là 2,000 lọ. Ilé iṣẹ́ tó ń pa bílíọ̀nù ń jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ lórí àwo ẹnì kan tí ebi ń pa. Ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ kì í ṣe ohun tí kò ní olówó. Ẹnì kan ló ń san án, owó oorun ẹ̀ ló sì fi ń san án.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe máa ń san ẹ̀san fún ẹni tó bá ríhò. Ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2021 (ọjọ́ yìí náà ṣá!), Chen Zhaojun, tó ń ṣiṣẹ́ ní Alibaba Cloud ní China, kọ̀wé sí Apache pé ihò burúkú kan wà nínú Log4j, kóòdù ọ̀fẹ́ tó kún inú sọ́fítíwíà kárí ayé. Ohun tó ṣe dára, ọ̀dọ̀ oní-nǹkan ló kọ́kọ́ lọ. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, ìjọba China ti dá àjọṣe òun pẹ̀lú Alibaba Cloud dúró fún oṣù mẹ́fà, wọ́n ní wọn ò tètè wá sọ fún ìjọba. Ẹni tó pariwo iná ni wọ́n bú, torí pé kò kọ́kọ́ lọ jíṣẹ́ láàfin.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, àwa náà ò yàtọ̀. Òfin Cybercrimes ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, ní kí ilé iṣẹ́ tí wọ́n bá kọlù kọ̀ǹpútà ẹ̀ sọ fún ngCERT ti ìjọba, ọjọ́ méje tẹ́lẹ̀, wákàtí 72 nísinsìnyí. Ó dáa. Ìwọ oníbàárà ńkọ́? Òfin yẹn ò ní kí wọ́n sọ fún ẹ. Òfin ààbò dátà ti 2023 ní kí wọ́n sọ fún ẹ bí dátà ẹ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni burúkú tí ewu ẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n mítà tí òǹkà ẹ̀ fẹ́ kún kì í ṣe dátà ẹ. Bó bá sì jẹ́ ìwọ lo rí ihò náà, tí o jẹ́ ọmọ ogún ọdún pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù àti ojú tó mú, kò sí ìlà kan nínú òfin Cybercrimes tó sọ pé wọn ò ní í mú ẹ bí o bá wá sọ ọ́ tọkàntọkàn. Òfin yìí kan náà ni wọ́n ti fi mú àwọn akọ̀ròyìn nítorí ohun tí wọ́n kọ. Ọmọ tó bá gbọ́n á panu mọ́. Àbí kó lọ tà á fún aláǹgbá, aláǹgbá ń sanwó.

Ó ṣeé ṣe láti hùwà míì. Ní oṣù keje ọdún 2019, àwọn ọ̀daràn ti gbogbo fáìlì City Power ní Johannesburg pa, wọ́n ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Àwọn ará ìlú ò lè ra tókìn. Mítà tókìn bíi tiwa ni, ìnira bíi tiwa ni. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà jáde sórí Twitter lọ́jọ́ náà gan-an, ó sọ ọ́ ní pàtó pé kòkòrò kọ̀ǹpútà ló kọlu òun, ohun báyìí àti báyìí ni kò ṣiṣẹ́. Wọ́n bú wọn dáadáa. Ó tọ́ kí wọ́n bú wọn. Ó kéré tán, ẹni tó ń bú wọn mọ ohun tó ń bú wọn sí.

Kí ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ kóòdù ní Ìdímù, Egbẹ́dá àti Ìgàndó má rò pé àwọn òyìnbó àti NEPA nìkan ni mo ń bá jà. Ẹ̀yin náà dà? Ìwọ lo kọ áàpù ìdámẹ́wàá fún ṣọ́ọ̀ṣì, ìwọ lo kọ pọ́tálì owó ilé ìwé fún puràìfẹ́ẹ̀tì kan. O kó kóòdù ọ̀fẹ́ ọgọ́rùn-ún jọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, o ò ka ọ̀kan, o gbowó, o lọ. Ọdún mẹ́rin rè é, o ò tíì padà wá pààrọ̀ ẹ̀dà kan. Tẹ́ẹ̀mù WordPress tí wọ́n jí gbé lo fi ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì wọn, ẹni tó jí i sì ti fi ẹrù tiẹ̀ sínú ẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ. Lọ́jọ́ tí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn òbí bá wá ń káàkiri, kí lo máa sọ fún puròpuraítọ̀ ilé ìwé? Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa la mọ ohun tó o máa sọ.

Nítorí náà, ohun tí mò ń béèrè ò pọ̀. Kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fi gbólóhùn kan sínú òfin yẹn tó dáàbò bo ẹni tó bá ríhò tó sì sọ ọ́ láìjalè. Kí ilé iṣẹ́ tó ń tà fún ará ìlú máa kọ ọ́ jáde, lédè tí ará ìlú gbọ́, ohun tó bàjẹ́, ìgbà tó bàjẹ́ àti ẹni tó máa san án. Èyí tó kẹ́yìn yìí sì rọrùn débi pé ọ̀la ni wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Gbogbo agolo mílíìkì tó wà ní ọjà Ìdímù ló ní ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára, torí pé NAFDAC ò ní í gbà bí kò bá sí. Òǹkà tuntun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 2014 yẹn, bíìtì 24 náà ṣì ni. Mo ti ṣírò ẹ̀. Kí NERC ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára mítà kọ̀ọ̀kan, kó tóbi tó kí ìyá àgbà lè kà á láìwá gíláàsì: òǹkà mítà yìí máa kún ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2045.